Eéwo inú ẹ̀dọ̀ adẹ́mu kan ní agbègbè Ìkọ̀lé, àti bí àyẹ̀wò PCR ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wá lọ́nà

Orí ọ̀pẹ ni ìrora náà ti kọ́kọ́ mú un. Adẹ́mu ni bàbá yìí, ẹni ọdún 47, abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìkọ̀lé-Èkìtì ló ń gbé. Ó ní òun ti fi igbà de ara òun mọ́ ọ̀pẹ, òun sì fẹ̀yìn ti igbà náà kí ọwọ́ òun méjèèjì lè ráyè dá ẹmu, ni nǹkan kan bá gún òun lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ó sì ta dé èjìká. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé akèrègbè sílẹ̀ ní ìdí ọ̀pẹ, kò sì padà lọ gbé e.

Bàbá gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ àìsàn òun sílẹ̀, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun àti abúlé òun. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú, torí àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò láàbù ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ọ̀dọ̀ wa sì ni wọ́n gbé sámpù rẹ̀ wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ibà fi ń gbé e dè kó tó dé Adó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oníkẹ́mísì ta oògùn ibà fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò Widal fún un, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀rọ̀ Widal yìí máa ń dùn mí púpọ̀. Láti 1896 ni àyẹ̀wò náà ti wà, ohun tó sì ń wá ni àmì pé ara ti bá kòkòrò táífọ́ọ̀dù tàbí ìbátan rẹ̀ jà rí. Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ni ara rẹ̀ kò tíì bá a jà rí? Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè ṣe Widal kí wọ́n sọ fún un pé táífọ́ọ̀dù ló ní. Bàbá gba abẹ́rẹ́ márùn-ún, ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń wú lọ.

Nígbà tí wọ́n bi í dáadáa, ó rántí pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin ṣáájú, òun ti ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ra Flagyl, ó lo bíi hóró mẹ́fà, ìgbẹ́ dúró, ó sì fi èyí tó kù sínú àpò ṣòkòtò. Ìyàwó rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò gba ti ibà, kò gba ti táífọ́ọ̀dù. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan sínú ẹmu fún àbúrò òun ní ìpàdé àwọn adẹ́mu. Ó mọ ẹni tó fura sí, kò sì fi pamọ́.

Wọ́n gbé e gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì wá sí Adó. Ara rẹ̀ gbóná tó 39.1 °C. Ojú rẹ̀ kò pọ́n. Bí dókítà bá ti fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún, á mí kanlẹ̀, á sì di ọwọ́ dókítà mú. Iyán, tí í ṣe oúnjẹ rẹ̀ láti kékeré, ó ní òun kò lè gbé òkèlè méjì mì. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sókè dé 18,500, èyí tí wọ́n ń pè ní eosinophil láàárín wọn kò sì ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Kò ní fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Skáànù fi eéwo ńlá kan hàn ní apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 9.

Ẹ̀dọ̀ kì í wá àlejò tì. Aràn pẹlẹbẹ tí ń jẹ́ Fasciola gigantica wà nínú màlúù ilẹ̀ wa, àwọn alápatà mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n á la iṣan òróòro, wọ́n á sì gé ibẹ̀ sọnù. Ènìyàn lè kó o lára ewé tútù tàbí omi ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n eosinophil rẹ̀ ì bá ti lọ sókè. Ẹyin àtọ̀sí ajá ti inú ìfun, Schistosoma mansoni, a máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ẹ̀dọ̀ le ni, kì í sọ ọ́ di eéwo. Aràn ajá tí ń di àpò omi nínú ẹ̀dọ̀ nìkan ló ba dókítà lẹ́rù díẹ̀, torí bí abẹ́rẹ́ bá lu àpò náà, omi inú rẹ̀ lè mú kí ara aláìsàn dàrú lójú ẹsẹ̀. Skáànù kò fi awọ tàbí àpò kéékèèké hàn nínú rẹ̀. Ohun tó kù nìyí: amíbà, kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, bakitéríà, tàbí jẹjẹrẹ tó ti rà láàárín.

Amíbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí. Ọkùnrin ni, ó ń mu ẹmu, ó ti ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Eéwo amíbà inú ẹ̀dọ̀ fẹ́ràn ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ metronidazole, oògùn tó wà nínú Flagyl, fún un lójú ẹsẹ̀ láìdúró de láàbù, ohun tó sì tọ́ ni wọ́n ṣe. Wọ́n fa ọyún díẹ̀ jáde. Àwọn ìwé òyìnbó a máa fi àwọ̀ rẹ̀ wé ọbẹ̀ ẹja kan tí n kò rí rí. Èmi ó sọ pé ó dà bí ògì bàbà tí a po epo díẹ̀ mọ́. Kì í rùn bí ọyún yòókù.

Wọ́n wo ìgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù, wọn kò rí nǹkan kan. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu. Nígbà tí amíbà bá fi máa di eéwo nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti kúrò nínú ìgbẹ́. Wọ́n gbin ọyún náà bóyá bakitéríà á hù, kò sí èyí tó hù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ohun tí ara fi bá amíbà jà wà, ó sì dára, àmọ́ ó lè máa fi “ó wà” hàn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ, ọ̀fìn kan náà tí Widal ń já sí. Ìdí nìyí tí dókítà fi pè wá pé, ẹ bá wa ṣe PCR.

PCR kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀, DNA rẹ̀, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi irú ẹ̀dá tó jẹ́ hàn, ló ń wá. Kary Mullis, ará Amẹ́ríkà, ló ro ọgbọ́n náà ní 1983. A ó mú DNA gbóná dé bíi 95 °C kí okùn rẹ̀ méjèèjì tú kúrò lára ara wọn. A ó jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí práímà, èyíinì ni DNA kúkúrú tí a ti ṣe kó bá ti amíbà nìkan mu, lè dì mọ́ ọn. Ẹ́ńsáìmù kan tí iná kì í pa, tí a kọ́kọ́ rí lára bakitéríà tó ń gbé nínú ìsun omi gbígbóná, yóò sì kọ́ okùn tuntun. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Bó bá fi yí ìgbà 30, ẹyọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Lára amíbà yìí, apá DNA tí à ń wá kì í tilẹ̀ ṣe ẹyọ kan, ó máa ń tó 200 nínú amíbà kan ṣoṣo, ìdí nìyí tí ọyún díẹ̀ fi lè tó.

Ohun mìíràn wà tí ojú kò lè ṣe. Láti ìgbà tí dókítà kan tí ń jẹ́ Lösch ti kọ̀wé ní 1875 nípa amíbà tó rí nínú ìgbẹ́ aláìsàn ní Rọ́ṣíà ni a ti rò pé irú kan ṣoṣo ni. Ní 1925 Brumpt, onímọ̀ ará Faransé, sọ pé méjì ni, pé ọ̀kan ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá, èkejì kò ń ṣe nǹkan kan, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ó di 1993 kí àwọn onímọ̀ méjì, Diamond àti Clark, tó fi ẹ̀rí yà wọ́n sọ́tọ̀: Entamoeba histolytica ni apani, Entamoeba dispar ni aláìlẹ́ṣẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Mullis gba ẹ̀bùn Nobel. Bí ẹ̀gẹ́ tí a lè jẹ àti ẹ̀gẹ́ kíkorò ni wọ́n rí, ewé kan náà, igi kan náà. DNA wọn ló yàtọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni sámpù dé, nínú ìgò kékeré tó mọ́, orúkọ àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Mo ṣí i nínú kábínẹ́ẹ̀tì tó ń fa afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ìbòjú nímú mi. Mo yọ DNA rẹ̀, mo sì gbé e sórí ẹ̀rọ. Orí ínfátà ni ẹ̀rọ náà máa ń wà, torí bí iná bá lọ láàárín, gbogbo ohun tí a ti ṣe di asán.

Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó bá gòkè ló ń fi hàn pé DNA tí à ń wá wà níbẹ̀. Ìlà sámpù tí a mọ̀ pé amíbà wà nínú rẹ̀ gòkè ní ìyí 24. Ìlà omi lásán dùbúlẹ̀ títí dé ìyí 40, bó ṣe yẹ. Ìlà bàbá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá ti dúró níbẹ̀, “kò sí amíbà” ni ǹ bá kọ.

Ṣùgbọ́n a máa ń da DNA kan sínú sámpù gbogbo kí a tó bẹ̀rẹ̀, DNA fáírọ́ọ̀sì ẹranko òkun kan tí kò lè sí lára ènìyàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gòkè lọ. Bó bá gòkè, a mọ̀ pé ọ̀nà là. Nínú gbogbo sámpù ọjọ́ náà ló ti gòkè, àfi ti bàbá.

Dókítà pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé kò sí amíbà?”

“Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ó wà ni?”

“N kò lè sọ ìyẹn náà. Ẹ̀rọ kò tíì dáhùn.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ara bàbá kò tíì wálẹ̀ lẹ́yìn oògùn ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá àwọn sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ láti wá jẹjẹrẹ. “Bí kò bá ṣáà ti gòkè, mà, ẹ kọ ọ́ pé kò sí.” N kò bínú sí i. Ènìyàn rẹ̀ ló wà lórí ibùsùn. Àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di ọ̀la.

Ohun tó máa ń dí ẹ̀rọ lọ́nà ni ẹ̀jẹ̀ tàbí òróòro tó bá kù sínú sámpù. Oògùn rẹ̀ ni ká bu omi là á. Bí adẹ́mu ṣe ń bu omi là ẹmu ni mo ṣe bu omi là DNA bàbá, ìdá kan sí omi ìdá mẹ́sàn-án, mo tún gbé e lé ẹ̀rọ. DNA tí a dà sí i gòkè lọ́tẹ̀ yìí. Amíbà kò gòkè.

Mo jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà náà pẹ́. Gbogbo òfin ló ti pé báyìí, n bá kọ “kò sí”, kò sì sẹ́ni tí ìbá bi mí ní ìbéèrè. Ohun tó dá mi dúró ni pé ọyún ni mo gbé lọ́wọ́. Kí ni ọyún? Òkú ẹran ara ènìyàn ni, òkú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ sí DNA amíbà níbẹ̀, DNA bàbá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún un fọ́fọ́. Mo mú práímà jíìnì ènìyàn kan tí à ń pè ní beta-globin, mo wá a nínú sámpù náà.

Kò sí. Ọyún tó ti inú ara ènìyàn jáde, DNA ènìyàn kò sì sí nínú rẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé sámpù náà ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo pe wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì àgbà ló gbé e. Mo bi í pé ìgò wo ni wọ́n kọ́kọ́ fa ọyún náà sí. Ó ní kí n dúró, ó lọ béèrè. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ní ìgò kan ṣoṣo tó wà nítòsí lọ́jọ́ náà ni èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹran ara lọ fún àwọn tó ń wá jẹjẹrẹ, fọ́málìn díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ló wá dà á sínú ìgò tó mọ́ nígbà tó gbọ́ pé PCR ni. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Ó rò pé òun ń tún nǹkan ṣe ni.

Fọ́málìn dára fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń mú kí ẹran ara dúró bó ṣe wà kó má bàa rà. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni pé ó ń so ohun inú sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn, DNA náà á so, á sì máa já sí wẹ́wẹ́. Ohun tó bá kù nínú rẹ̀ tún ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń kọ́ okùn DNA tuntun lọ́wọ́. Ìyẹn ló ṣe dí ẹ̀rọ lọ́nà ní ìgbà àkọ́kọ́, tó sì fi jẹ́ pé nígbà tí a bu omi là á, ọ̀nà là ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gbà á kọjá. Bí sámpù kò bá lè dé kíákíá, inú yìnyín ló yẹ kó wà, tàbí nínú ẹtanọ́ọ̀lù. A kì í fi fọ́málìn sí i.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún ṣe skáànù. Eéwo náà ti di sẹ̀ńtímítà 11, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn máa fà á gbẹ nítorí kó má bàa bẹ́ sínú ikùn. Kò di dandan kí a tún gún bàbá nítorí tiwa nìkan. Mo gbé kúlà àti yìnyín, mo sì lọ sí wọ́ọ̀dù fúnra mi.

Mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n fún. Àárín eéwo kì í ṣe ilé amíbà. Òkú ló wà níbẹ̀. Etí ògiri ló ń gbé, níbi tó ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ. Ọyún tó bá kọ́kọ́ jáde kì í sábà ní i, èyí tó bá gbẹ̀yìn, tó ti fẹ́ pọ́n díẹ̀, òun ni à ń fẹ́. Dókítà fa sìríńjì lẹ́yìn sìríńjì, ó tó mílílítà 520 lápapọ̀. Bàbá dojú kọ ògiri, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn fẹ́ jáde, dókítà wò mí, ó sì rọra tú u sínú ìgò mi. Kò ju mílílítà 3 lọ. Mo kọ “ìgbẹ̀yìn, kò sí fọ́málìn” sí i lára pẹ̀lú báírò pupa.

Mo fi díẹ̀ sábẹ́ maikirosikóòpù lójú ẹsẹ̀, mo wò ó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. N kò rí amíbà kan tó ń rìn. Bàbá ti wà lórí metronidazole fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì yà mí lẹ́nu. DNA òkú amíbà kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, beta-globin gòkè. DNA tí a dà sí i gòkè. Ní ìyí 27, ìlà Entamoeba histolytica bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nílẹ̀, ó sì gòkè lọ bí ìgbà tí ènìyàn ń gun Òkè Ẹ̀fọ̀n. Ti dispar dùbúlẹ̀. Mo pe dókítà kí n tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kò tún sí ọ̀rọ̀ gígé ẹran lára ẹ̀dọ̀ mọ́.

Metronidazole pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ara rẹ̀ wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì tí wọ́n fa ọyún. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n fún un ní diloxanide, 500 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, torí metronidazole kì í tán èyí tó bá fara pamọ́ sínú ìfun. Apá oògùn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bí bàbá náà ṣe fi hóró tó kù sínú àpò ṣòkòtò. Ní oṣù kẹta, eéwo náà ti sún kì dé sẹ̀ńtímítà 4.

A ní kí àwọn ará ilé náà gbé ìgbẹ́ wọn wá. Maikirosikóòpù rí ẹyin amíbà (cyst, amíbà tó fi awọ líle bo ara rẹ̀), olójú mẹ́rin, nínú ti ìyàwó àti ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 19 kan tí nǹkan kan kò ṣe. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́, àwọn méjèèjì ni a ó kọ “histolytica” fún. PCR ní dispar ni ti ìyàwó. Ti ọmọ iṣẹ́ ni histolytica. A kò fún ìyàwó ní oògùn kankan. A fún ọmọkùnrin náà ní diloxanide, torí ìpàdé àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pè ní 1997 ti sọ pé ẹni tó bá ní histolytica yẹ kó gba oògùn bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ dá. Ọmọkùnrin náà ló ń pọn omi odò tí wọ́n fi ń bu là ẹmu. Mo sọ fún un pé kí wọ́n máa se omi náà kó hó kó tó kan ẹmu, torí kúlóríìnì díẹ̀ kì í ká ẹyin amíbà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wá bá mi ní láàbù nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ sí “ulé”, bó ṣe pè é. Ó ní kí n bá òun kọ ohun tí a rí sórí bébà, ní Yorùbá. Mo bi bàbá, ó ní kí n kọ ọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹ̀rọ wa kì í wá májèlé, pé ohun tí mo lè fọwọ́ sí ni ohun tí mo rí: kòkòrò tí ń jẹ́ Entamoeba histolytica wà nínú ọyún ẹ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì wà nínú ìgbẹ́ ọmọ tó ń bá a pọn omi. Ó ní ìyẹn náà tó. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú fìlà rẹ̀. Ó ní ìpàdé àwọn adẹ́mu máa wáyé ní ọjọ́ Àìkú, òun sì fẹ́ kà á níwájú ọkùnrin náà.